Ìtẹ́ Tó Rọ̀ Síwájú Fèrèsé Bàbá Mi

Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn bàbá mi, ẹyẹ ni à ń fi bára wa sọ̀rọ̀. Mo sún ibùsùn rẹ̀ mọ́ fèrèsé, mo sì máa ń jókòó sẹ́sẹ̀ rẹ̀ láìmira, tèmi ti ẹ̀rọ fọ́tò. Bí mo bá ti ya ẹyẹ kan tán, màá mú un tóbi lójú ẹ̀rọ kó lè rí i dáadáa. Bó bá fẹ́ rí òmíràn, á gbé ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ọwọ́ kan ṣoṣo tó ṣì ń gbọ́ tirẹ̀.

Ẹyẹ ilé wa ní Djègan-Kpèvi kì í ṣe ẹyẹ tí ẹnikẹ́ni ń wọkọ̀ wá wò. Ológoṣẹ́ wà, olè tí ń jẹ ìrẹsì tí mo bá sá sóòrùn. Ẹ̀gà wà lórí igi àgbọn aládùúgbò, wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ara rẹ̀. Èyí tí bàbá mi fẹ́ràn jù ni ẹyẹ kékeré kan tí ń fi ẹnu gígùn fa omi òdòdó. Akọ rẹ̀ ń dán lọ́fun bí aṣọ ọdún. Abo rẹ̀ kò lẹ́wà rárá, òun ló sì ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Òun ló fi òwú aláǹtakùn, ewé gbígbẹ àti ìyẹ́ adìẹ hun ìtẹ́ kan tó rọ̀ dirodiro lára ẹ̀ka ọsàn wẹ́wẹ́, níwájú fèrèsé gan-an.

Ọjọ́ tí ọmọ méjì yọ ẹnu síta níbẹ̀, bàbá mi rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ wọ́ sápá kan. N kò rí ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tó ti ṣubú. Mo ṣèlérí fún un pé màá ya ọjọ́ tí wọ́n bá fò. Láti ìgbà náà, kó tó mu ẹ̀kọ àárọ̀, á kọ́kọ́ gbé ìka sókè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá láti Avrankou láti gbàdúrà fún un. Òun ló tọ́ bàbá mi dàgbà, Ìyá ni gbogbo wa ń pè é. Ó wọ aṣọ funfun ìjọ rẹ̀, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wọ́n omi àdúrà káàkiri àgbàlá. Mo wà nídìí ààrò, mò ń po ẹ̀kọ. Nígbà tó pariwo orúkọ Jésù, mo rò pé àdúrà ló gbóná. Ó wọlé tọ̀ mí wá, ó di nǹkan kan sínú ìwé ìròyìn, kí n sì tó béèrè, ó ti jù ú sínú iná.

"Wọ́n so ó kọ́ síwájú ojú rẹ̀ gan-an," ló wí. "Òwú, ìyẹ́ adìẹ, gbogbo èlò oògùn ló pé. Ó tiẹ̀ ń dún nínú."

Mo fi igi tú iná náà, ṣùgbọ́n omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Mo sọ fún un pé ẹyẹ ni, mo fi àwòrán hàn án. Ó wò ó títí, ó ní ẹni tó fẹ́ pa èèyàn lè gbé àwọ̀ ẹyẹ wọ̀. Inú bí mi gan-an. Ṣùgbọ́n n kò bá a jà. Ìfẹ́ àbúrò rẹ̀ ló gbé e dé, ìfẹ́ náà ló sì fi ṣe é.

Mo sáré wọ yàrá. Bàbá mi ń fi ọwọ́ òsì lu ògiri, omijé ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ṣe, kò sì lè pe ẹnikẹ́ni. Ìyá tẹ̀ lé mi wọlé, ó rí ọwọ́ tó ń lu ògiri, ó ní ìdè ló ń já, ó sì dá orin ìṣẹ́gun sílẹ̀.

Ó kọrin títí ó fi rẹ ọwọ́ náà, tí kò lù mọ́. Lóde, abo ẹyẹ náà ti dé, kòkòrò wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ń bà sórí ẹ̀ka, ó ń fò kúrò, ó tún ń padà. Mo gbé ẹ̀rọ fọ́tò sójú, mo tún gbé e kalẹ̀. Bàbá mi ń wo ẹyẹ náà. Kò gbé ìka sókè.

"Ṣé o rí i pé ara rẹ̀ ti balẹ̀?" Ìyá bi mí.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá."