Alhaji Sàká, Ọmọ Ìlú Larvigny

Èyí tí gbogbo Peckham mọ̀ jù nínú ìtàn Alhaji Sàká ni ti ìpàdé ọmọ Ìwó. Alága ní kí àgbà kan dìde, kó pìtàn ìlú fún àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí London, kí wọ́n má baà gbàgbé ilé. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, Alhaji ti dìde, ó ti wúkọ́, ó ti tún fìlà dé.

"Ẹ̀yin ọmọ, òkè méjì ló yí ìlú náà ká. Odò kan ló la àárín rẹ̀ kọjá. Ènìyàn mọ́kàndínlógóje péré ló wà níbẹ̀, Faransé ni wọ́n ń sọ, màlúù wọ́n jù wọ́n lọ. Nígbà ogun, wọ́n ri aago ṣọ́ọ̀ṣì wọn sódò kí ọ̀tá má baà kó o. Títí dòní, wọn ò rántí ibi tí wọ́n rì í sí."

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́, wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì ni tíṣà tó ń kọ́ Basit, ọmọ alága, nílé ìwé ránṣẹ́ pe bàbá ọmọ náà pé kó wá ṣàlàyé bí Ìwó ṣe dé ilẹ̀ Faransé.

Larvigny ni Alhaji ń sọ. Lọ́rì akẹ́rù ló ń wà nígbà ayé rẹ̀. Ní 1994, lọ́rì náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lábúlé yẹn, ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ló sì fi dúró de irin tí wọ́n máa fi tún un ṣe. Ọjọ́ mọ́kànlá náà ló fi ọgbọ̀n ọdún sọ.

Mìsítúrà ọmọ rẹ̀ ló gbọ́ ọ jù. Bí ẹ̀rọ agbéniròkè ilé wọn bá bàjẹ́, Alhaji á ní, "Ní Larvigny, olórí ìlú fúnra rẹ̀ ló ń gun àkàbà." Bí oníṣu Rye Lane bá ń yin ọjà rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ilẹ̀ Larvigny.

"Dádì, please now, iṣu la wá rà."

Aládùúgbò wọn, Bernice, tó dàgbà ní Kútọnù, tó sì gbọ́ Faransé, wo abúlé náà lórí fóònù.

"Alhaji, mo ti check ẹ̀ o. Ọ̀nà kan, ṣọ́ọ̀ṣì kan, finish. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Bernice, àga mi wà lẹ́bàá kànga wọn. Orúkọ mi ni wọ́n fi ń pè é. Ṣé fóònù ẹ rí àga?"

"Kò rí àga kankan, sà."

"Kí ló wá rí?"

Ọ̀rọ̀ àga yìí lẹnikẹ́ni ò gbà gbọ́. Mìsítúrà pàápàá ò gbà á. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí bàbá rẹ̀ jáde láyé, ó dì í lọ́wọ́ mú ní ọsibítù.

"Mìsí, ṣé ìwọ náà rò pé irọ́ ni mo ń pa?"

"Dádì, ẹ sinmi. Ẹ mu tíì yín."

Lẹ́yìn ìsìnkú, tíì yẹn ló ń dun Mìsítúrà ju ikú lọ. Bàbá tó fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo, òun ọmọ ò dá a lóhùn. Ló bá ní kí Bernice bá òun kọ̀wé sí olórí ìlú Larvigny: Sàká ti kú, ṣé lóòótọ́ ni àga wà?

Oṣù kan kọjá kí èsì tó dé. Bernice jókòó sí kíṣìnnì wọn, ó ń túmọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Wọ́n ní, 'Màdáámù, a bá yín kẹ́dùn. Àga Sàká wà níbẹ̀. Òun ló kàn án fúnra rẹ̀ nígbà tó ń dúró de irin lọ́rì. Ó ní ìlú tí àgbà ò ríbi jókòó sí lẹ́bàá omi, kì í ṣe ìlú.'" Bernice gbé lẹ́tà sílẹ̀. "Ah. Alhaji, ẹ má bínú o."

"Kà á lọ, jọ̀ọ́."

"'Ọdọọdún ló ń kọ ìtàn ìlú rẹ̀ sí wa. Gbogbo ọmọ wa ló mọ Peckham. Ọ̀rọ̀ kan la ò gbà: ó ní iṣu kan wà ní Rye Lane tó gùn tó ẹsẹ̀ ènìyàn. Ọgbọ̀n ọdún la fi bá a jiyàn. Ẹ dákun, Màdáámù, ṣé irọ́ ló ń pa ni?'"

Mìsítúrà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín tán, omi ojú ò dá. Ó wé gèlè rẹ̀, ó mú Bernice, ó di Rye Lane. Ó ṣa iṣu tó gùn jù, ó nà án ró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Mìsítúrà, people are looking o!"

"Jẹ́ kí wọ́n wò. Dúró dáadáa, Dádì mi ló ń jẹ́jọ́."

Oníṣu ló bá wọn ya fọ́tò. Ẹ̀yìn fọ́tò náà ni Mìsítúrà kọ èsì sí, èsì tó yẹ kó ti sọ níbi ibùsùn ọjọ́sí: "Òótọ́ ni bàbá mi ń sọ."