Ilé Kan, Baálé Kan

Owó tí mo fi ra iṣu kan ṣoṣo lọ́jà Òsì lánàá, láyé ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, iṣu tó kún ọkọ̀ akẹ́rù ni à bá fi rà, a ó sì tún rí ṣéńjì fi jẹ àkàrà. Bí mo ṣe gbé e sí ẹ̀yìn ọ̀kadà, ọkàn mi lọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀, níbi tí iye owó iṣu ti gba obìnrin lọ́wọ́ mi.

Nínú òṣìṣẹ́ ibẹ̀, àwa méjì la kàwé kọ̀ǹpútà, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Ìlọ́fà. Akọ̀wé wa, ọmọbìnrin Ìdòfin, ló ń tẹ iye owó iṣu sínú ẹ̀rọ. Àràárọ̀ ni mo ń ra àgbàdo sísun fún un, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti yé àwa méjèèjì. Nígbà tí alága ní kí a ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí ẹgbẹ́ yóò máa lò, a gbà pé kí olúkúlùkù ṣe tirẹ̀, kí akọ̀wé yan èyí tó bá wù ú. Lójú tèmi, ètò nìkan kọ́ ni yóò yàn.

Ojú ewé mẹ́ta ni mo ṣe: ọ̀kan fún àgbẹ̀, ọ̀kan fún oníbàárà, ọ̀kan fún alága. Mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iye owó tirẹ̀ lọ́wọ́, bí ẹni bu oúnjẹ fún ọmọ mẹ́ta sínú àwo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo tilẹ̀ ya iṣu sí i. Ọjọ́ ọjà pé, iṣu gbówó lórí, akọ̀wé yí iye padà lójú ewé àgbẹ̀, ó gbàgbé àwọn yòókù. Àgbẹ̀ Erúkù ń wo iye òní, oníbàárà Ìlọrin ń wo iye àná.

"Ẹ̀yin ará ibí, ṣé oríṣi ọjà méjì lẹ ń ná ni?" ni oníbàárà ń pariwo.

Akọ̀wé wò mí. "Bọ̀dá, iṣu tí ẹ yà yìí dára o. Àmọ́ èwo ni kí n gbàgbọ́ nínú iye méjì yìí?"

Ètò ọ̀rẹ́ mi kò lẹ́wà rárá. Ṣùgbọ́n ibi ìpamọ́ iye owó kan ṣoṣo ló ṣe, ó sì so ojú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ọn. Ojú ewé kankan kò lè dá tirẹ̀ ní. Bó bá bèèrè fún ibi ìpamọ́ mìíràn, ọ̀kan náà yẹn ni yóò tún rí gbà. Akọ̀wé tẹ iye tuntun lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn yí padà níṣojú rẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́.

"Baálé lèyí o! Bó bá ti sọ̀rọ̀, gbogbo ilé ti gbọ́."

Mo ní, "Bí Baálé bá wá ṣìsọ ńkọ́?"

"A jọ máa ṣìnà ni," ọ̀rẹ́ mi dáhùn. "Ìjà ò ní í sí."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi ibi ìpamọ́ tèmi kún un, kó di méjì. Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, ilé kan, baálé kan."

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ọ́fíìsì ti ń pe ọ̀rẹ́ mi ní Baálé. Àwàdà ni lẹ́nu àwọn yòókù. Lẹ́nu akọ̀wé, mo ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kí iṣu tuntun tó jáde, ọ̀rẹ́ mi ti di baálé rẹ̀ lóòótọ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì Ìdòfin. Èmi ni mo ń to àga fún àlejò. Mo padà lọ tú ètò ọ̀rẹ́ mi wò láti òkè délẹ̀, bóyá n ó rí àbùkù kan ṣoṣo. N kò rí.

Akọ̀wé yìí ni mo ra iṣu àná fún. Ọ̀rẹ́ mi ti kú, mo sì ní kò dára kí èèyàn máa dá ilé gbé. Ó gba iṣu, ó dúpẹ́, ó rẹ́rìn-ín bíi ti ìgbà náà.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ ti gbàgbé ni?"



Nínú wa, alága ti lọ. Ìyàwó tí mo padà fẹ́ ti lọ. Èmi wà, akọ̀wé wà. Ọ̀rẹ́ mi, ojú mi ni wọ́n ṣe sin ín. Ṣùgbọ́n bàtà rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, àga rẹ̀ ṣì kọjú sí títì, orí àpótí ni akọ̀wé sì ní kí n jókòó sí. N kò mọ̀ bóyá àwọn tó ti lọ ni kí n kà á mọ́, tàbí àwa tó ṣì wà.