Òkúta Tí Mo Dúró Dè

Yàrá méjì ni ilé mi ní Benin, lẹ́yìn Sapele Road. Mo ń sùn nínú ọ̀kan, àpótí òkúta kún èkejì. Iṣẹ́ mi ni láti mọ irú òkúta tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, ilé iṣẹ́ tó gbà mí sì ń wá òjé àti síǹkì láàárín àwọn òkè tó wà lọ́nà Auchi. Tí mi ò bá sí lóko, níbi tí a ti ń gbẹ́ ilẹ̀ wá òkúta, ọjọ́ Sunday nìkan, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ni mo máa ń rí ẹni bá sọ Yorùbá. Àárò ìyàwó mi àti ọmọ mi sọ mí débi pé mo ń bá ìkòkò ọbẹ̀ sọ̀rọ̀.

Olùkọ́ ni ìyàwó mi, ní Ìkàrẹ́. Ó ní òun kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá jókòó ti ọkọ tí kì í gbélé. Ọdún kan gbáko ni mo fi bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà láti mú ọmọ wá wo ìlú náà. Ó kọ lẹ́tà: “A ó wọ mọ́tò àárọ̀ ní Friday. Tí mo bá bá yín ní gáréèjì Aduwawa, màá mọ̀ pé ẹ fẹ́ wa lọ́dọ̀ lóòótọ́, màá sì kó wá. Tí ẹ ò bá sí níbẹ̀, mi ò ní béèrè ilé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A ó padà.” Kò tíì sí fóònù alágbèéká nígbà náà. Mo ka lẹ́tà náà títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí.

Friday yẹn gan-an ni ihò tí à ń gbẹ́ lóko sún mọ́ ibi tí à ń wá. Àwọn tó fi ẹ̀rọ yẹ inú ilẹ̀ wò ti sọ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́, bó ṣe máa ń gba inú irin. Ìlànà wa ni pé onímọ̀ òkúta gbọ́dọ̀ wà nídìí ẹ̀rọ nígbà tí irú ibẹ̀ bá ń jáde, èmi nìkan sì ni wọ́n ní. Mo fi sọ́kàn pé tó bá di aago mẹ́wàá, màá gbéra.

Mítà mẹ́ta mẹ́ta ni ẹ̀rọ ń fa òkúta jáde, gbọọrọ bí ọ̀pá. Wọ́n á tò ó sínú àpótí, màá da omi lé e, màá fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Aago mẹ́wàá kọjá, òkúta lásán ni.

Ọ̀gá àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ wò mí. “Oga, no be today madam dey come? Make we stop. Tomorrow dey.”

“One more,” ni mo sọ. Ó bí mi nínú pé ó rán mi létí. Mo sọ “one more” yẹn títí ọ̀sán fi pọ́n.

Nígbà tó yá, òkúta dúdú kan jáde, ó ń dán. Mo rò pé òjé ni. Mo gbé e, kò wúwo bí òjé. Mo fi àtàǹpàkò ra á, ọwọ́ mi dúdú kanlẹ̀. Òkúta tí wọ́n fi ń ṣe inú pẹ́ńsù ni. Iná máa ń gba inú òun náà kọjá, ẹ̀rọ kò sì mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí irin. Aago méjì ti kọjá.

Mo sáré wakọ̀ dé Aduwawa. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní gáréèjì ni mo bi léèrè.

“The woman with small pikin? She wait tire. She don enter motor go back.” Ó wo ọwọ́ mi. “Wetin you dey touch?”

Mọ́tò wọn àti tèmi ti kọjá ara wọn lójú ọ̀nà láìmọ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì oníbúrẹ́dì náà, mo sunkún, ojú sì tì mí.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo lọ sí Ìkàrẹ́. Ìyàwó mi kò bá mi jà. Ó gbé oúnjẹ fún mi, ó kí mi kú ìrìn bí ẹni kí àlejò, ìyẹn sì dùn mí ju ìjà lọ. Mo yọ díẹ̀ nínú òkúta dúdú náà lápò fún ọmọ mi, mo sì sọ bí a ṣe wà á jáde lọ́jọ́ Friday yẹn. Ó fi kọ orúkọ rẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, gàdàgbà gàdàgbà, lẹ́yìn náà ó gbójú sókè.

“Dádì, ṣé èyí lẹ dúró dè nígbà tí à ń dúró dè yín?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyàwó mi lọ mú àkísà, ó nu ilẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni mo tún lò ní Benin lẹ́yìn ìgbà náà. Wọn ò wá mọ́.