Inki Aláwọ̀ Eérú

Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú ni, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àwa mẹ́ta la wà ní ṣọ́ọ̀bù oníinki kan ní Ìjẹ̀bú-Òde: èmi, ọkùnrin tó ń ta inki, àti àbúrò ìyàwó mi tó sìn mí wá. A ti ṣe ogójì ọjọ́ òkú ìyàwó mi.

Fọ́tò rẹ̀ ni mo fẹ́ tẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ní Odògbolú. Òbí kì í rí sàréè ọmọ, nítorí náà Màmá kò bá wa dé ibi ìsìnkú. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ pé kí n bá òun tẹ fọ́tò ọmọ òun, kó tóbi, kó jẹ́ dúdú àti funfun bí irú tí wọ́n ń yà nígbà èwe òun. Ó ní kí n yára. Ojú rẹ̀ kan ti fọ́, èkejì ń ṣú lọ.

Inki inú ike, tí rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ń fà wọ inú ẹ̀rọ tí mo fi ń tẹ fọ́tò, ni mò ń lò tẹ́lẹ̀. Irú inki bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ ìsinmi. Ìyàwó mi ló máa ń jí i: láràárọ̀, kó tó gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù fọ́tò wa, á tẹ bébà kan jáde. Nígbà tó kú, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa títí ogójì ọjọ́ fi pé. Nígbà tí mo ṣí i, inki ti gan mọ́ ẹnu ẹ̀rọ tó ń gbà jáde. Mo ti pààrọ̀ ẹnu ẹ̀rọ náà. Inki ló kù.

Ọkùnrin náà gbé ike onírọ́bà irú tàtijọ́ kalẹ̀. Ó wà nílẹ̀, mo lè lò ó lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n àwọ̀ pupa, búlúù àti yẹ́lò ló máa ń pò pọ̀ di eérú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, ojú ènìyàn inú fọ́tò á máa ní àwọ̀ ewé. Èkejì ni katiríjì kéékèèké tí a ń fi abẹ́rẹ́ rọ inki sí, tó ní inki aláwọ̀ eérú tirẹ̀. Èyí kì í tètè gan. Èkó ni inki náà yóò ti wá, kò sì lè sọ ọjọ́ tí yóò dé.

Ọkùnrin náà bi mí pé, “Ta ló máa ń jí ẹ̀rọ yín, ọ̀gá?”

Mo gbé ike náà yẹ̀ wò.

Àbúrò ìyàwó mi ní, “Bùrọ̀dá, ẹ mú èyí tó wà nílẹ̀. Ká ní ẹ̀gbọ́n mi ni, á ti tẹ̀ ẹ́ tán, á tún ti fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú Màmá ń lọ.”

Mo ní mi ò ní gbé ojú tó rí bí ewé fún ìyá rẹ̀. Mo sanwó inki Èkó. Àbúrò ìyàwó mi ṣáájú mi jáde.

Inki náà pẹ́. Òjò ọdún náà ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé. Ọ̀sán ọjọ́ tó dé ni mo tẹ fọ́tò náà. Ó jáde bó ṣe yẹ kó jáde: iwájú orí rẹ̀, ìlà ọrùn rẹ̀, òjìji abẹ́ ojú rẹ̀. Mo jókòó tì í. Kò sí ẹni tí mo máa fi í hàn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo gbé e lọ sí Odògbolú. Màmá gbé e sún mọ́ ojú, ó yí i sí apá ẹnu ọ̀nà.

“Onífọ́tò, ṣí ilẹ̀kùn.”

“Ó wà ní ṣíṣí, Màmá.”

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa bébà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó bi mí bóyá ọmọ òun ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi pa ẹnu dé nínú fọ́tò náà. Mo ní ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní kí n gbé e kọ́ sí ibi tí òun á ti máa rí i. Mo wá ìṣó, mo gbé e kọ́ sí ògiri tó kọjú sí àga rẹ̀.