Irun Tó Ti Jàpáànù Dé

Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni onígbàjámọ̀ gbà lọ́wọ́ mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, lórí ìwọ̀nba irun funfun tó kù sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Tọ́rọ́ ni nígbà tí a wà níléèwé ní Ògbómọ̀ṣọ́, tọ́rọ́ náà sì pọ̀ lójú èmi àti ọ̀rẹ́ mi. Ńṣe ni a máa ń gé irun fún ara wa. Mo mọ irun rẹ̀ bí mo ṣe mọ ohùn rẹ̀: ó le, ó sì ká kókó bí iyèré.

A jọ wọ yunifásítì. Níbẹ̀ ni olùkọ́ wa ti fi irun hàn wá lábẹ́ maikirosíkóòpù. Tiwa rí pẹlẹbẹ díẹ̀, ó sì ń ká. Ti àwọn ará Ṣáínà àti Jàpáànù nípọn, ó rí roboto, ó sì nà tààrà. Ti òyìnbó sábà máa ń wà láàrin méjèèjì. Ó kìlọ̀ pé irun àwọn ará ibì kan náà kì í rí bákan náà tán. Mo rántí àwọn Fúlàní oníwàrà Ìkòyí-Ilé: irun àwọn kan ń balẹ̀ dé èjìká, ti àwọn mìíràn sì ká bíi tèmi.

Ọ̀rẹ́ mi lọ kàwé sí i ní Jàpáànù, ó fẹ́yàwó níbẹ̀, kò sì padà wá gbélé mọ́. Nígbà tó kú, kí wọ́n tó sun òkú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà ibẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́ ránṣẹ́ pé kí wọ́n gé irun àti èékánná rẹ̀ wá, ká lè sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

Àpòòwé dé. A ti gbẹ́lẹ̀, pásítọ̀ ti wà níkàlẹ̀, kí ọmọ ọ̀rẹ́ mi tó pè mí lórí fóònù. Ó ní ìyá òun gé irun tirẹ̀ mọ́ ti ọkọ rẹ̀, kí wọ́n lè jọ wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ká ọwọ́ lérí. "Ẹ gbà mí! Ẹni tó ń mí? Ṣé ká sin ìyàwó mọ́ ọkọ ni?"

Pásítọ̀ ní irun lásán ni. Ẹ̀gbọ́n, ìyá àgbà tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, yí kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Èmi ló kọjú sí.

"Tíṣà, ọjọ́ ti pẹ́ tó o ti ń fi yunifásítì yangàn sí wa. Òní ni kó wúlò. Mi ò ní sin alààyè, mi ò sì ní fi àbúrò mi sílẹ̀ síta."

Mo da irun náà sórí aṣọ. Funfun ni gbogbo rẹ̀; ogbó ti sọ àwọ̀ wọn di ọ̀kan, wọ́n gé e kúrú, àpòòwé sì ti tẹ̀ ẹ́ nà débi pé n kò mọ èyí tó ká. Mo ní kí wọ́n bu omi sínú abọ́ dúdú, mo sì da irun náà sí i. Díẹ̀díẹ̀, ti ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ká jọ. Ti ìyàwó rẹ̀ nà gbọọrọ sójú omi.

Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. "Òun nìyẹn," ó wí jẹ́jẹ́. "Irun bàbá wa nìyẹn."

Mo ń ṣa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí oòrùn fi kanrí. Ẹyọ kan ló kù tí n kò mọ ẹni tó ni ín.

"Kó wà lọ́dọ̀ alààyè," ni ìyá wí.

Ọmọ náà tún pè. Ó ní ìyá òun ń sunkún pé ọkọ òun ni òun fẹ́ tẹ̀lé relé.

"Sọ fún un pé ilé tiẹ̀ náà ni," ẹ̀gbọ́n ní kí n túmọ̀ fún ọmọ náà, "ṣùgbọ́n kó má kánjú o."

A sin ọ̀rẹ́ mi, irun àti èékánná. Mo fi irun ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́ padà.

Ìyá àgbà náà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀ báyìí. Pásítọ̀ wà. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi wà. Ìyàwó wà ní Jàpáànù, irun rẹ̀ sì ti tún hù. Èmi náà ṣì wà.