Ẹ́ńjìnnì Àjèjì ní Ọ̀nà Ìrólù

Òórùn èèpo obì tó ń jẹrà ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Ìjókù, kí òórùn ọ́ìlì dúdú àti bẹntiróòlù tó dé. Àgbàlá àwọn tó ń bó obì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, odi kúkurú kan ló pààlà. Títí di òní, bí mo bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń bó obì, ọwọ́ mi á fẹ́ máa wá sípánà.

Alùpùpù mi ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Àlòkù ni mo rà á nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́ káfíńtà. Òun ni mo fi gbé ìyàwó mi wálé láti Ìrólù. Òun náà ni mò ń gùn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà nígbà tí mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, tí ìyàwó mi á jókòó sẹ́yìn, tí á di àpò ìwé mi mọ́ àyà bí ẹni pé òun gan-an ló ń lọ kàwé. Ojú máa ń tì mí. Kò ti òun rí.

Ìrólù ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Ojú màmá ti ń ṣú tipẹ́. Nígbà tí ọmọ rẹ̀, ìyàwó mi, fi máa kú, màmá kò ríran mọ́ rárá, etí ló fi ń mọ èèyàn. Bí a bá ti dé ìyànà tó wọ ìlú, n óò fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì, màmá á sì ní kí wọ́n gbé omi kaná. Mi ò gun alùpùpù dé iwájú ilé náà rí o. Nídìí igi obì tó wà lẹ́nu àgbàlá ni mo máa ń pa á, n óò sọ̀ kalẹ̀, n óò ṣí fìlà, n óò sì tì í wọlé. Bàbá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, pé ọkọ ọmọ kì í jókòó lórí nǹkan wọ ilé àna rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a sin ìyàwó mi, màmá di ọwọ́ mi mú. "Ọkọ ọmọ mi, ṣé n óò tún gbọ́ màṣíìnì yẹn mọ́?" Mo ní, "Ẹ óò máa gbọ́ ọ, màámi." Gbogbo ohun tí mo lè sọ lọ́jọ́ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì ọ̀hún kú. Lọ́nà Mákùn ló ti dún gbàgà lábẹ́ mi, táyà ẹ̀yìn sì dì pa. Mẹkáníìkì tú u, ó fi ọwọ́ ra ibi tí ikùn rẹ̀ ti là, ó mi orí. Ọmọ ìdílé oníṣòwò obì ni, mùsùlùmí ni, mo sì fi bí ọdún mẹ́wàá jù ú lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí ti re ibi àgbà ń rè. Ẹ jẹ́ ká tà á fáwọn tó ń ra irin, kẹ́ ẹ lọ ra tuntun."

"Mi ò tà á."

"Irú ẹ́ńjìnnì yìí ò sí mọ́ láyé!"

"A óò wá a."

Láàárín ìgbà tí a ń wá a, mo wọ ọ̀kadà ẹlòmíì lọ kí màmá. Ọlọ́kadà náà sáré gbé mi dé ẹnu ọ̀nà gan-an. Màmá gbọ́ ìró rẹ̀, kò mira. Ìgbà tí mo dọ̀bálẹ̀ tí mo kí i ló tó ní, "Háà, ìwọ ni? Mo rò pé àwọn tó ń ta oògùn eku ni." Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí omi lórí iná. Bí mo ti ń padà bọ̀, mo pinnu pé alùpùpù mi á tún wọ Ìrólù kí ọdún kan tí ìyàwó mi kú tó pé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eyín ni n óò fi yí bóòtù rẹ̀.

Èyí tí a rí níkẹyìn, ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe é, ṣùgbọ́n ó jáde lẹ́yìn tèmi ní bí ọdún mẹ́wàá. Ìhò méjì ìsàlẹ̀ bá férémù mi mu. Tòkè fi ìbú ìka kan yà sọ́tùn-ún. Mẹkáníìkì gbé ayùn irin, ó fẹ́ gé férémù. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, bí igi méjì kò bá pàdé, àwòṣe la ń gé, a kì í bá igi jà. Mo wá pákó tín-ín-rín, mo fi gé àwòṣe irin tó máa so àwọn méjèèjì pọ̀. Àkọ́kọ́ kúrú, èkejì wọ́. Nígbà tí mo ń fi ayùn gé ẹ̀kẹta, ìyá àgbà kan tó ń bó obì na ọrùn lórí odi.

"Bàbá onímàṣíìnì, ṣé irin lẹ fẹ́ fi ṣe ìyàwó ni?"

"Irin kì í sọ̀rọ̀ jù, mà."

"Ẹ̀yin náà ẹ kì í sọ̀rọ̀! Ta ló máa wá kí ta láàárọ̀?"

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Àwòṣe ẹ̀kẹta wọlé wẹ́kú. Wẹ́dà tó ń jó irin nítòsí fi irin gé irú rẹ̀, a dè é. Ṣéènì ni kò gún. Mo ta okùn ìwọ̀n mi láti iwájú dé ẹ̀yìn, a sì ń fi wọ́ṣà, òrùka irin pẹlẹbẹ, kún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi tọ́.

Ibi tí mo ti ṣìṣe rèé. Mo ti sọ fún mẹkáníìkì pé yàtọ̀ sí ẹ́ńjìnnì, kò gbọdọ̀ pààrọ̀ ohunkóhun. Ìyàwó mi máa ń fi etí ìró rẹ̀ nu iná iwájú yẹn. Fèrè yẹn ni ìyá rẹ̀ mọ̀. Mẹkáníìkì ṣàlàyé pé iná tí ẹ́ńjìnnì yìí ń pèsè jẹ́ ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀, bátìrì àti gílóòbù àtijọ́ kò ní lè gbà á. Mo gbọ́. Mi ò gbà. Nígbà tó ku ọ̀la kí ọdún náà pé, a ta á lẹ́sẹ̀ nígbà mẹ́ta, ó gbiná. Nínú ayọ̀ ni mo fi tan iná, tí mo sì tẹ fèrè. Iná kọ mànà, ó kú. Fèrè ké tín-ín bí ọmọ ewúrẹ́, èéfín yọ lára rẹ̀, ó dákẹ́. Mẹkáníìkì wò mí, kò sọ pé òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn ju iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Mo gùn ún lọ sí Ìrólù láàárọ̀ ọjọ́ kejì bó ṣe wà. Ohùn ẹ́ńjìnnì náà ga, ó ń yára, kò jọ ìkùnsínú ti àtijọ́ rárá. Ní ìyànà, àtàǹpàkò mi lọ síbi fèrè fúnra rẹ̀, kò sí ohun tó dún. Mo ní nínú ara mi pé mo ti ṣiṣẹ́ lásán. Mo pa á nídìí igi obì, mo ṣí fìlà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tì í, ṣéènì ń ta ká, ká, ká lórí yangí.

"Ẹ gbé omi kaná o," ohùn màmá jáde láti inú ilé. "Ọkọ ọmọ mi dé."

Mo dúró gbagidi. "Màámi, báwo lẹ ṣe mọ̀? Ẹ́ńjìnnì mìíràn ni."

"Mo gbọ́ pé mìíràn ni. Ta ló tún ń sọ̀ kalẹ̀ ti màṣíìnì wọ ilé mi?"

Mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀. Mi ò tètè dìde. Irin ni mo ti ń lé kiri láti oṣù mẹ́ta, kí n lè mú ìlérí mi ṣẹ, nígbà tó jẹ́ pé ìró ẹsẹ̀ mi ni màmá fi ń mọ̀ mí.

A jẹun, a dárúkọ ìyàwó mi, màmá sunkún díẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó ní kí n ta á lẹ́sẹ̀ níbẹ̀, kí òun gbọ́ ọ dáadáa, kí òun lè mọ̀ ọ́n bó bá tún ń bọ̀. Mo ta á. Ó dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ọwọ́ kan tánkì.

"Èyí ń sọ̀rọ̀ jù ọ́ lọ," ó wí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀."