Géètì Tuntun, Kíláàsì Tí Kò Ní Tíṣà

Mo rántí ọ̀sán Sátidé kan tí mo ṣí ìwé ìṣirò ọmọbìnrin mi, tí n kò bá nǹkan kan nínú rẹ̀ ju orúkọ rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ káfíńtà ni mo ń ṣe ní Ìlá. Ibi tí mo lè ṣírò pákó sí ni mo ń wá. Ó ku oṣù díẹ̀ kí ọmọ yìí ṣe ìdánwò àṣejáde, gbogbo ìjọ wa ni mo sì ti sọ fún pé nọ́ọ̀sì ni yóò ṣe.

Mo pè é. "Iṣẹ́ tí ẹ ṣe ní kíláàsì dà?"

"Bàbá, a ò ní tíṣà ìṣirò. Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti lọ."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Ó wolẹ̀. "Ẹ ò bi mí."

Inú bí mi gan-an. Nínú ìwà òmùgọ̀ mi, mo rò pé ilé ẹ̀kọ́ nìkan ni mo ń bínú sí. Nígbà tí ọjọ́ ìpàdé òbí àti olùkọ́ pé, mo gbéra, ìgbà àkọ́kọ́ tí màá dé ibẹ̀ láti ọjọ́ tí ọmọ ti wọlé. Odidi wákàtí kan ni wọ́n fi ń jiyàn lórí ọ̀dà tí a ó fi kun géètì tuntun, kí àwọn ọmọ ìlú tó ń bọ̀ wá ṣọdún láti Èkó lè rí i. Mo fò dìde.

"Ṣé géètì ni yóò kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò ni?"

Alága wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Ta lẹ̀yin? A ò rí yín níbí rí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí wọ eegun, torí òótọ́ ni.

Ìyá àgbà kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó kọ́ alága fúnra rẹ̀, dìde. "Ó jẹ̀bi o, àmọ́ òótọ́ ló sọ. Ọmọ tí a ò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, mélòómélòó ni géètì!"

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àwa òbí mẹ́rìnlá tẹ̀ lé e lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ṣí fáìlì. "Nínú ìwé tiwa, ẹ ní tíṣà. Kò sẹ́ni tó wá sọ nǹkan míì fún wa rí."

Ìyá àgbà fa àga, ó jókòó. "A ti wá sọ báyìí. A ò lọ."

Ojoojúmọ́ la ń padà síbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tíṣà dé. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù fún ọmọ mi. Ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò náà. Àwọn ọmọ kíláàsì tó wà lẹ́yìn tiwọn ló jèrè ariwo wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ mi tún ìdánwò náà ṣe kó tó yege, lójú rẹ̀ sì ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wọlé sí yunifásítì.

Ó ti di nọ́ọ̀sì báyìí. Wọ́n ní kí n dúpẹ́, mo sì ń dúpẹ́. Wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ mi ti ń korò jù nípàdé. Bẹ́ẹ̀ ni. Bí òbí kan bá sọ pé òun ò ráàyè, mo máa ń sọ fún un pé àìráàyè tèmi, ọdún méjì ọmọ mi ló gbé lọ. Inú ṣì ń bí mi, n kò sì tíì bẹ Ọlọ́run pé kó bá mi mú un kúrò.